Ta Ló Da Tíì Sójú Ìwé Kẹrìnlá?

Ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì ni Tíṣà Masuyo Orito kú, láàárọ̀, bó ṣe ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ láti lọ síbi iṣẹ́. Ọkàn rẹ̀ ló ṣíwọ́. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni. Ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ó ti fi ìbòjú pupa oníwo méjì bojú, ó ti fi kóńdó tí wọ́n fi bébà ṣe na ilẹ̀, ó sì ti sá yí ọgbà jẹ́lé-ó-sinmi Sunahara ká bí ọgọ́ta ọmọ ṣe ń da ẹ̀wà sóyà yíyan lù ú, tí wọ́n ń pariwo pé kí ànjọ̀nú máa lọ. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe eré yìí láti fi lé ibi jáde, ọdún mẹ́rìnlélógún ló sì fi ṣe ànjọ̀nú yẹn. Nígbà tí Mitsuho, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ń ká kóòtù ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ kejì ikú, ẹ̀wà kan já bọ́ láti inú kọ́là. Mitsuho ní òun rẹ́rìn-ín títí òun fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ìyá mi ti kú o, ẹ̀wà ṣì ń lé e," ló wí fún mi.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní kí ló dé tí mo ń fi ẹ̀rín ròyìn òkú. Àwọn àgbà ló ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ohun tí mo rí níbi ìsìnkú náà ń pa mí lẹ́rìn-ín títí di òní, ó sì ń bí mi nínú dé ibi tí n kò lè pa á mọ́ra.

Lẹ́yìn tí a ti sun tùràrí tán, ọkùnrin tó ń darí ètò bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn wáyà ìbánikẹ́dùn. Ti Ẹ̀ka Ọ̀rọ̀ Ọmọdé ìlú wa, Urahama, ló kọ́kọ́ kà, nítorí bébà tiwọn ló dán jù. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ kà á: "A bá ẹbí Olórí Olùtọ́jú Àgbà Masuyo Orito kẹ́dùn."

Ìlà kejì ni àwọn òṣìṣẹ́ Sunahara jókòó sí nínú aṣọ dúdú. Níbẹ̀ ni ọ̀gá jẹ́lé-ó-sinmi náà, Arábìnrin Sadae Kuroiwa, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin tí n kò rí kó rẹ́rìn-ín rí, mú ohùn kan jáde bíi ti kẹ́tùlù tó fẹ́ hó.

"Kí ni wọ́n pè é?" ni obìnrin tó jókòó tì í ń bi í lábẹ́lẹ̀.

"Olórí Olùtọ́jú Àgbà."

"Masuyo tiwa yìí?"

"Tiwa náà ni. Wọ́n ti gbé e ga."

"Ó mà yẹ kó ti kú tipẹ́ nígbà náà."

Bí ẹ̀rín ṣe gba ìlà kejì nìyẹn, tí ó gba ìlà kẹta, tí ó sì dé ọ̀dọ̀ Mitsuho níwájú. Ó fi áńkáṣíìfù bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn àlejò láti ọ́fíìsì rò pé ẹkún ni. Wọ́n tẹríba.

Kí ẹni tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ yìí lè bá wa rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, n kò ní kánjú. Oríṣi olùtọ́jú ọmọ méjì ló wà ní Urahama. Àwọn kan jẹ́ òṣìṣẹ́ tí ìlú gbà títí dọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Àwọn yòókù jẹ́ ọlọ́dọọdún: ní oṣù kẹta ọdọọdún, wọn á fọwọ́ sí ìwé tuntun, tàbí kí wọ́n má rí ìwé kankan fọwọ́ sí. Ìlédìí kan náà ni àwọn méjèèjì ń pààrọ̀. Imú kan náà ni wọ́n ń nù. Ìwé ẹ̀rí kan náà ni Tíṣà Masuyo ní pẹ̀lú wọn; ó fi ọdún mẹ́ta kàwé lórí tábìlì ìdáná, ó sì yege ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ di Olórí Olùtọ́jú Àgbà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ìlú ń ṣe, òfin ìlú sì sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ títí-láé nìkan ni àga wà fún níbẹ̀. Ọlọ́dọọdún kò lè wọlé. Ọlọ́dọọdún kò lè kọ́ ohun tuntun. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́rìnlélógún, àkọ́bẹ̀rẹ̀ ni lójú ìwé, ní ìgbà mẹ́rìnlélógún.

Ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Mo ti ń gbọ́ òwe yìí láti kékeré. N kò mọ̀ pé Ẹ̀ka Ọ̀rọ̀ Ọmọdé ti sọ ọ́ di ìlànà ìgbanisíṣẹ́.

Ṣé ó yẹ fún oyè náà? Ẹ jẹ́ ká lọ sí yàrá àwọn ọmọ ọlọ́dún kan ní Sunahara, ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ọmọ méjìlá, àgbàlagbà mẹ́ta. Láàárín oṣù kan, àwọn ọmọ náà gé ara wọn jẹ nígbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹni tí kò bá tọ́jú ọmọ rí yóò rò pé ìyẹn pọ̀. Ẹni tó bá tọ́jú ọmọ rí yóò bi mí pé ṣé mo kà á pé. Ọmọ ọlọ́dún kan kò tíì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Eyín mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ló ní. Nígbà tó bá fẹ́ sọ pé "tèmi nìyẹn" tàbí "ẹ sún díẹ̀," ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ ló máa lò. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, àpá ẹ̀ sì ń wà lápá ẹlòmíràn di ìrọ̀lẹ́.

Àwọn òbí bínú. Gbogbo ènìyàn ní Genta ni. Genta jẹ́ ọmọkùnrin kan tó sanra, tó máa ń sáré kọlu ohun gbogbo, orúkọ rẹ̀ sì ti bàjẹ́ kí ó tó mọ bí wọ́n ṣe ń pè é. Ọ̀gá Sadae fẹ́ kí ẹnì kan máa tẹ̀ lé e kiri látàárọ̀ dalẹ́.

Tíṣà Masuyo lọ síbi ògiri, ó yọ àwòrán ọ̀nà àsálà bí iná bá ṣẹ́ yọ, ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ogún, ó sì fi àwòrán náà padà sáyè rẹ̀. Gbogbo yàrá ló wà nínú àwòrán náà, pẹ̀lú ilẹ̀kùn, fèrèsé àti ibi ìfọwọ́. Nígbàkígbà tí ọmọ kan bá gé èkejì jẹ, yóò kọ́kọ́ fi omi tútù tọ́jú ojú àpá náà, yóò gbé àwọn méjèèjì mọ́ra, lẹ́yìn náà ni yóò fi pẹ́ńsù pupa kan àmì kékeré síbi tó ti ṣẹlẹ̀ gan-an, yóò sì kọ wákàtí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ wákàtí méjì kọ́. Ìṣẹ́jú kan ni.

Nígbà tí oṣù náà parí, ó tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nínú àmì mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mọ́kàndínlógún ló ṣù jọ sí ojú kan ṣoṣo, láàárín pẹpẹ fìlà àti ibi ìfọwọ́, láti aago mẹ́wàá àbọ̀ sí aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní wákàtí yẹn? Àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé láti ọgbà ni. Àgbàlagbà méjì wà nídìí ìlédìí, ẹ̀kẹta ń nu ẹrẹ̀ nílẹ̀. Ọmọ méjìlá há síbi tí kò fẹ̀ ju ẹní méjì lọ, gbogbo wọn fẹ́ bọ́ fìlà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin ńkọ́, bí wọ́n bá há yín síbẹ̀ tí ẹ kò sì lè sọ̀rọ̀, ẹ ò ní gé ẹnì kan jẹ?

Ní ti Genta, àmì mẹ́rin péré ló ní. Ọmọbìnrin kan tó máa ń pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ dúpẹ́ kó tó jẹun, tí gbogbo àwọn ìyá ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún ọmọ wọn, òun ló ní mẹ́sàn-án. Tíṣà Masuyo kò sọ orúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú. Mo gbìyànjú.

Ó gbé pẹpẹ fìlà lọ sí ògiri kejì, ó sì ní kí àwọn ọmọ máa wọlé ní mẹ́rin mẹ́rin. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ìgbà márùn-ún péré ni wọ́n gé ara wọn jẹ. Kò béèrè ohun èlò, kò lé ọmọ kankan, kò ba orúkọ ẹnikẹ́ni jẹ́. Mo ti fi ọgbọ̀n ọdún kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọmọ wẹ́wẹ́, mo sì ti ka ìwé tó wúwo ju Genta lọ. Díẹ̀ ni mo rí nínú wọn tó mọ́ tó èyí.

Ẹ̀ka Ọ̀rọ̀ Ọmọdé gbọ́ nípa rẹ̀. Wọ́n rán ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ kan wá, Ọ̀gbẹ́ni Hinokuma, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀ka ìdalẹ̀nù dé. Ó mu tíì, ó jẹ ọsàn méjì, ó ya fọ́tò àwòrán náà, ó lọ. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, àwòrán náà jáde lójú ìwé kẹrìnlá nínú ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìlú. Àkọlé rẹ̀ ni "Àwòrán Àpá Eyín." Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé Ìgbìmọ̀ Iṣẹ́ ti Ẹ̀ka Ọ̀rọ̀ Ọmọdé ló ṣe é. N kò tíì pàdé ẹni tó jókòó nínú ìgbìmọ̀ yẹn rí. Mo ti wá wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn mí gan-an la dé yìí, n kò sì ní fò ó. Èmi ni mo ń kọ́ni ní ojú ìwé kẹrìnlá, ọdún kẹwàá rèé.

Ní oṣù kẹfà, ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ogójì olùtọ́jú wà níwájú mi nínú yàrá ìpàdé ilé-ìkàwé ìlú. A dé ojú ìwé náà. Ọ̀dọ́bìnrin kan níwájú nawọ́.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, òbìrí aláwọ̀ igi tó wà ní igun ọ̀tún yìí, kí ló dúró fún?"

Mo wò ó. N kò ṣàkíyèsí rẹ̀ rí. Òbìrí kan ni lóòótọ́, ó yí po dáadáa, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. N kò mọ ohun tó jẹ́. Ẹni tó bá sì ti gba oyè tó pọ̀ tó tèmi, ohun tó nira fún un jù láti sọ ni pé òun kò mọ̀.

"Ìyẹn," ni mo wí, "la ń pè ní agbègbè ìfọ̀kànbalẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kò sí àmì pupa kankan nínú rẹ̀. Ọmọ tó bá wà níbẹ̀ kì í gé ẹlòmíràn jẹ."

Ogójì kálàmù kọ ọ́ sílẹ̀. Mo gbọ́ ìró wọn.

Ohùn kan ti ẹ̀yìn wá. "Ẹ jọ̀ọ́, tíì ni."

"Ẹ ní kí ni?"

"Tíì ọkà bálì ni. Ife mi ló wà níbẹ̀. Genta ló sáré kọlu tábìlì."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè sí ìparí."

"Kì í ṣe ìbéèrè, Ọ̀jọ̀gbọ́n."

Tíṣà Masuyo ni. Ibà ló mú òṣìṣẹ́ títí-láé tó yẹ kó wá, Ọ̀gá Sadae sì ti rán an wá dípò rẹ̀. Nígbà tí a parí, mo ní láti kọ ọ̀rọ̀ kan nípa olúkúlùkù olùkópa. Ohun tí mo fọwọ́ ara mi kọ síwájú orúkọ rẹ̀ ni pé: "Ó yẹ kó túbọ̀ kọ́ bí a ṣe ń ka àwòrán."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Ẹ̀ka Ọ̀rọ̀ Ọmọdé rí i pé ọlọ́dọọdún ni. Wọ́n kọ̀wé pé wọ́n ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀ àwọn tó wá. Nítorí náà, lábẹ́ òfin ìlú Urahama, kò sí ẹni tó sọ fún mi pé tíì ni.

Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́. N kò lè sùn dáadáa títí mo fi lọ sí Sunahara láti lọ bẹ̀ ẹ́. Ó gbé agolo bísíkíìtì kan sílẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù. Gbogbo àwòrán náà wà níbẹ̀: àpá eyín, ibi tí ẹkún ti ń bẹ̀rẹ̀, ibi tí àwọn ọmọ máa ń fara pamọ́ sí lọ́jọ́ tí ìyá wọn bá pẹ́. Ó yọ èyí tí wọ́n yà ní fọ́tò. Ó bu tíì sínú ife aláwọ̀ ewé kan, ó sì gbé ife náà lé òbìrí tó wà lórí bébà. Ó bá a mu rẹ́gí.

"Ẹ ò bínú?" ni mo bi í.

"Inú bí mi, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò rí ojú yín nígbà tẹ́ ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ yẹn. Agbègbè ìfọ̀kànbalẹ̀. Mo délé, mo gbé ife mi lé tábìlì, mo sọ fún ọmọ mi pé agbègbè ìfọ̀kànbalẹ̀ rèé, kó má gé mi jẹ."

"Màá bá yín bá wọn sọ ọ́. Orúkọ yín gbọ́dọ̀ wà lójú ìwé yẹn."

"Ẹ fi ti orúkọ sílẹ̀ ná. Àwa mélòó là ń wo àwọn ọmọ ọlọ́dún kan níbí?"

"Mẹ́ta."

"Mélòó nínú wa ló lè wá jókòó síwájú yín?"

"Ẹnì kan."

"Àwọn méjì tó kù ńkọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n? Ṣé eyín ni yóò máa kọ́ wọn?"

N kò tíì gbọ́ àlàyé nípa ìdàgbàsókè lẹ́nu iṣẹ́ tó dára tó ìyẹn, bẹ́ẹ̀ mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn tó wọ táì. Ohun tó ń béèrè kò ju pé kí ẹni tó ń gbé ọmọ lọ́wọ́ lè mọ ohun tí ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì mọ̀. Ó ju ìdajì àwọn olùtọ́jú ìlú yìí tó jẹ́ ọlọ́dọọdún. Bí o bá ní ọmọ kan ní Urahama, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ tó gbé e láàárọ̀ yìí jẹ́ ọwọ́ tí ìlú ti kọ̀ láti kọ́.

Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, ojú ìwé kan ṣoṣo. Ó ní kí wọ́n ṣí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún ọlọ́dọọdún, kí wọ́n sì máa fi ẹnì kan dípò olùtọ́jú lọ́jọ́ tó bá lọ, kí àwọn ọmọ má bàa ṣù jọ sídìí pẹpẹ fìlà. Ọ̀gá Sadae jókòó tì í nígbà tó fẹ́ tẹ òǹtẹ̀ orúkọ rẹ̀, tí a ń lò bí ìfọwọ́sí, sí i. Àṣà àwọn ọ́fíìsì wa ni pé òǹtẹ̀ ọmọ iṣẹ́ máa ń tẹ̀ sí òsì díẹ̀, níhà ibi tí òǹtẹ̀ ọ̀gá wà, kó lè dà bí ẹni tó ń kí i. Kò sí òfin tó kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n.

"Masuyo, tẹ̀ ẹ́ sí òsì díẹ̀. Kó tẹríba."

"Ọ̀gá, bí òǹtẹ̀ bá ń tẹríba, kí lèmi fúnra mi máa wá ṣe?"

"Ìwọ náà tẹríba. Ẹ̀yin méjèèjì."

"Ẹ̀yìn ń dùn mí. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú wa dúró."

Ó tẹ̀ ẹ́ ṣánṣán. Ọ̀gá Sadae, láti bo ẹ̀ṣẹ̀ náà mọ́lẹ̀, tẹ òǹtẹ̀ tirẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú bolẹ̀.

Àwọn ọlọ́dọọdún yòókù fẹ́ tẹ òǹtẹ̀ tiwọn náà sí i. Tíṣà Masuyo kọ̀. Ó mọ̀ pé oṣù kẹta ń bọ̀, àti pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà lórí ìwé ẹ̀bẹ̀ lè má rí ìwé tuntun fọwọ́ sí. "Ẹ fi èmi nìkan síbẹ̀," ló sọ fún wọn. "Wọn ò lè lé mi. Ta ni yóò ṣe ànjọ̀nú?" Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Òun nìkan ló fara rẹ̀ síwájú, kí ọfà má bàa ba àwọn ẹlòmíràn. Ohun tí wọ́n sì padà fi pa ìwé náà nìyẹn.

Ọdún mẹ́rin gbáko ni ìwé náà lò ní Ẹ̀ka Ọ̀rọ̀ Ọmọdé. Ní oṣù kẹrin, ìlú wa máa ń kó àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì láti ẹ̀ka kan sí òmíràn, bí ẹni ń ro ẹ̀wà nínú ìkòkò. Olórí ẹ̀ka kan kà á, ó tẹ òǹtẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka ọ̀nà. Èkejì kà á, ó tẹ òǹtẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí èbúté. Òǹtẹ̀ mẹ́fà ló wà lórí bébà náà báyìí, gbogbo wọn tẹ̀ bí ìrẹsì tí atẹ́gùn fẹ́, àfi ọ̀kan. Èmi náà kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ orúkọ ojú ìwé kẹrìnlá. Wọ́n dá mi lóhùn pé ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń tún ìwé náà tẹ̀, pé kí n ní sùúrù. Mo ní sùúrù. Ojú ń tì mí pé mo ní in.

Lọ́dún tó kọjá, ta ni wọ́n gbé padà wá ṣe olórí ẹ̀ka? Ọ̀gbẹ́ni Hinokuma ni, ẹni tó jẹ ọsàn méjì.

Lábẹ́ ìṣàkóso rẹ̀ ni wáyà jáde tó pe Tíṣà Masuyo ní Olórí Olùtọ́jú Àgbà. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kejì, ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn tí a sìnkú rẹ̀, lábẹ́ ìṣàkóso rẹ̀ náà ni lẹ́tà kan dé Sunahara. Mo kọ ọ́ bó ṣe wà: "Níwọ̀n bí ẹni tó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ náà kò ti sí mọ́, a ti pa fáìlì náà dé."

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọ́fíìsì kan náà fi obìnrin kan joyè, ó sì sọ pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo pe Ọ̀gbẹ́ni Hinokuma lórí fóònù. Mo ti sọ fún un pé màá kọ ohun tó bá sọ, ó sì gbà.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ gbáà ni. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀bẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ni ín. Ìlànà ni."

"Ẹ̀yin lẹ ya fọ́tò àwòrán náà nígbà yẹn."

"Ó ṣeé ṣe."

"Ẹ mu tíì níbẹ̀."

"Ibi tí mo ti mu tíì pọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n."

"Wáyà yín pè é ní Olórí Olùtọ́jú Àgbà."

"Ẹ̀rọ ló ń gbé ìyẹn jáde. Bí a bá ti tẹ olùtọ́jú sí i pé ó kú, oyè yẹn ló máa ń fún un. Kò sí èyí tó kéré jù ú níbẹ̀."

"Ṣé ẹ lè bá wa tẹ̀ ẹ́ fún àwọn tó wà láàyè?"

Mo gbọ́ tó ń yí bébà. "Ìyẹn," ló wí nígbẹ̀yìn, "yóò gba ìpàdé."

Ó dáa. Ìpàdé wà. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹta yìí, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé ní ìgbìmọ̀ ìlú yóò jókòó, ohun tí wọ́n sì ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka náà ni ohun tí mo ń béèrè níbí. Nínú wáyà àti lẹ́tà, èwo ni òótọ́? Bí wáyà bá jẹ́ òótọ́, Olórí Olùtọ́jú Àgbà ló kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ yẹn, kí ló dé tí ẹ fi jẹ́ kó fi ọdún mẹ́rin jókòó sẹ́nu ọ̀nà? Bí lẹ́tà bá jẹ́ òótọ́, ta lẹ bá wa kẹ́dùn? Ta ló fún ìgbìmọ̀ tí kò sí lágbára láti ya àwòrán lórí bébà ẹni tó wà? Ta ló tẹ òǹtẹ̀ sí i pé kí wọ́n pa fáìlì náà dé, kí ló sì rò nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́? A fẹ́ orúkọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí a ṣe ń pa orúkọ rẹ́, ó yẹ kẹ́ ẹ mọ bí a ṣe ń kọ ọ́.

Ní oṣù kẹrin, wọn yóò tún ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà tẹ̀. Mo ti sọ fún wọn pé n kò ní kọ́ni lójú ìwé kẹrìnlá mọ́ títí orúkọ Masuyo Orito yóò fi wà lábẹ́ rẹ̀. Mo sì bẹ̀ wọ́n, ẹ má nu àbàwọ́n tíì yẹn. Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé tíì ni, kí ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá tẹ̀ lé mi má bàa ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Bí ogójì èèyàn tí mo kọ́ lọ́jọ́ náà bá ń ka èyí: kò sí agbègbè ìfọ̀kànbalẹ̀. Ẹ fa ìlà sí i.

Ohun kan ló kù. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìwé ẹ̀bẹ̀ tuntun dé Ẹ̀ka Ọ̀rọ̀ Ọmọdé. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àtijọ́ rárá. Mitsuho ló dà á kọ láti inú ẹ̀dà kan tó bá nínú agolo bísíkíìtì ìyá rẹ̀. Ọlọ́dọọdún méjìdínlógójì láti jẹ́lé-ó-sinmi méje ló tẹ òǹtẹ̀ sí i, nínú oṣù kẹta gan-an, oṣù tí ẹ̀rù máa ń bà wọ́n jù. Mo lọ wò wọ́n nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ nínú yàrá àwọn ọmọ ọlọ́dún kan, lórí àga kékeré tí orókùn èèyàn ń kan àgbọ̀n. Ọ̀gá Sadae ló tẹ̀ kẹ́yìn. Ó mú òǹtẹ̀, ó wò ó, ó bá a sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yìn ń dun èmi náà," ló wí, ó sì tẹ̀ ẹ́ ṣánṣán.

Ọ̀gbẹ́ni Hinokuma, òǹtẹ̀ mọ́kàndínlógójì wà lórí tábìlì yín, kò sí èyí tó tẹríba nínú wọn. Ẹ ka wọ́n. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ wá dìde lọ́jọ́ kẹrìnlélógún níwájú gbogbo ìlú, kẹ́ ẹ tún sọ ọ́ pé ẹni tó kọ ìwé náà kò sí.